Orúkọ Tí Wọ́n Ń Jẹ́ Nílé

Ní ọdún 1937, ìyá àgbà kan wà ní ìlú Charleston, ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà. Ìyá náà ní òun ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí, ojú rẹ̀ ni ogun abẹ́lé ṣe jà tí ìdáǹdè fi dé. Lásìkò yẹn, ìjọba àpapọ̀ ń rán òṣìṣẹ́ káàkiri láti lọ gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ti ṣe ẹrú rí, kí ọlọ́jọ́ tó dé bá wọn. Láàárín 1936 sí 1938, ìtàn tí wọ́n kó jọ lé ní 2,300.

Èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lọ bá ìyá yìí. Ọ̀kan jẹ́ obìnrin aláwọ̀ funfun. Ìyá sọ fún un pé èèyàn rere ni ọ̀gá tó ni òun, ó sì sọ̀rọ̀ ọ̀gá náà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ olóore rẹ̀. Ó jọ pé ìyá rò pé ọ́fíìsì tó ń fún òun lówó ìrànwọ́ ni obìnrin náà ti wá. Ẹnì kejì jẹ́ ọkùnrin adúláwọ̀ bíi ti ìyá fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn bá ìyá sọ̀rọ̀, ìtàn yí padà. Pàṣán wọ inú rẹ̀. Abiyamọ tó ń ké nítorí pé wọ́n ta ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn lójú wọ inú rẹ̀. Tọkọtaya tí wọ́n so pọ̀ lónìí, tí wọ́n sì tà níyà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ inú rẹ̀.

Ẹnu kan náà ló sọ méjèèjì. Orúkọ ìyá pàápàá kò dọ́gba nínú ìwé méjèèjì: ọ̀kan kọ ọ́ ní Susan Hamlin, èkejì kọ ọ́ ní Susan Hamilton.

Mo ti ka ìtàn méjì yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n kò sì rí ìdí tí mo fi máa pe obìnrin aláwọ̀ funfun yẹn ní òpùrọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló kọ. Àwọn àgbà wa ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo fẹ́ fi kún un pé alángbá tí inú ń run kì í yí ikùn sókè níwájú ẹni tó mú òkò lọ́wọ́. Ẹni tí agbára kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó sọ létí alágbára, ó sì mọ èyí tó yẹ kó gbé mì.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kan fi ń jẹ mí lọ́kàn gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé. Bí ẹni tó wá láti inú àwọn tó pọ̀, àwọn tí ilẹ̀ àti ilé ìtẹ̀wé wà lọ́wọ́ wọn, bá fẹ́ kọ ìtàn àròsọ lóhùn ẹni tó wá láti inú àwọn tí kò pọ̀, ibo ni ọgbọ́n inú rẹ̀ lè gbé e dé, ibo sì ni ọ̀nà ti dí mọ́ ọn? Àríyànjiyàn tó gbóná jù tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lórí ọkùnrin kan ṣoṣo tí àwọn mìíràn bá a sọ ìtàn ara rẹ̀.

Yàrá ẹ̀wọ̀n ní Jerusalem

Ní òru ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1831, ní agbègbè Southampton ní ìpínlẹ̀ Virginia, ẹrú kan tí wọ́n ń pè ní Nat Turner kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì dìde sí àwọn olówó wọn. Nat mọ̀wé kà, oníwàásù ni, ó sì gbà pé Ọlọ́run ló rán òun níṣẹ́. Láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n pa òyìnbó bíi 55, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Nígbà tí ọwọ́ yí padà, àwọn òyìnbó pa adúláwọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, àti ẹni tó mọ̀dí ọ̀tẹ̀ náà àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nat sá pamọ́ fún nǹkan bí oṣù méjì kí wọ́n tó rí i mú ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá.

Lọ́yà aláwọ̀ funfun kan, Thomas R. Gray, wọlé tọ̀ ọ́ lọ nínú ẹ̀wọ̀n, ní ìlú tó ń jẹ́ Jerusalem nígbà náà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe jókòó. Ọ̀kan wà nínú ẹ̀wọ̀n, ó ń retí okùn. Èkejì mú gègé dání, yóò sì padà sílé lọ jẹun alẹ́. Gray béèrè, Nat dáhùn, Gray kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni wọ́n so Nat kọ́, oṣù yẹn náà ni ìwé pẹlẹbẹ Gray sì jáde, tí kò tó ọgbọ̀n ojú ewé. Ó pe àkọlé rẹ̀ ní Ìjẹ́wọ́ Nat Turner. Nínú rẹ̀, Nat ń sọ pé "èmi", "èmi", láti òkè dé ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ Gray ló kọ gbogbo "èmi" náà.

Kí ni Nat kò sọ fún un? Ta ló mọ ibi tó fara pamọ́ sí tó sì pa ẹnu mọ́? Ta ni Nat fẹ́ràn? Àwọn àkọsílẹ̀ kan láyé ìgbà náà mẹ́nu ba ìyàwó rẹ̀, àmọ́ ìwé Gray kò sọ ohunkóhun nípa ìyàwó. Bí mo bá jẹ́ Nat, tí mo mọ̀ pé obìnrin mi ṣì wà lábẹ́ àkóso àwọn tó fẹ́ so mí kọ́, èmi náà kò ní dárúkọ rẹ̀. Turner tí wọ́n sì ń pè é yẹn, orúkọ ìdílé olówó tó ni ín nígbà tí wọ́n bí i ni. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń ké sí i nínú ahéré ní alẹ́, Gray kò kọ ọ́. Bóyá kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn láti béèrè.

Ọdún 136 kọjá. Ní 1967, òǹkọ̀wé aláwọ̀ funfun kan, William Styron, kọ ìwé ìtàn àròsọ tó lé ní 400 ojú ewé, ó sì fún un ní àkọlé kan náà tí Gray lò. Ọmọ Virginia ni Styron, ìyá tó bí bàbá rẹ̀ sì ti ni ẹrú rí. Nat fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn nínú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Styron kò fi ìkórìíra kọ ọ́ rárá. James Baldwin, ọ̀kan lára àwọn òǹkọ̀wé adúláwọ̀ tó lókìkí jù lọ, ti gbé nílé rẹ̀ ní Connecticut ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òun gan-an sì wà lára àwọn tó kì í láyà pé kó kọ ọ́ lóhùn Nat. Ìwé náà tà gan-an. Ní 1968, ó gba ẹ̀bùn Pulitzer.

Lọ́dún yẹn náà ni ìwé mìíràn jáde ní Boston. John Henrik Clarke ló ṣe olóòtú rẹ̀, òǹkọ̀wé adúláwọ̀ mẹ́wàá ló sì dáhùn sí Styron nínú rẹ̀. Ohun tó bí wọn nínú jù ni ohun tí Styron fi dí àwọn àlàfo tó wà nínú ìtàn Nat. Ìwé Gray mẹ́nu ba bàbá, ìyá àti ìyá àgbà Nat pé àwọn ló rí i láti kékeré pé ọmọ náà yàtọ̀. Nínú ìwé Styron, inú ilé olówó ni ìmọ́lẹ̀ ti wá, àwọn òyìnbó ilé náà ló kọ́ Nat ní ìwé. Kò sí ìyàwó fún Nat nínú rẹ̀. Dípò ìyàwó, ọmọbìnrin òyìnbó kan, Margaret Whitehead, ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Nínú ìwé Gray, Margaret yìí ni ẹnì kan ṣoṣo tí Nat sọ pé òun fi ọwọ́ ara òun pa. Gray kò sọ ìdí. Styron ní ìfẹ́ ni.

Ibi tí mo dúró sí gan-an lórí ọ̀rọ̀ náà nìyí. Bí ìtàn ẹlòmíràn bá dákẹ́, tí òǹkọ̀wé sì fẹ́ kí ó máa sọ̀rọ̀ lọ, inú ara rẹ̀ ló máa bù láti fi kún un, kò sí ibòmíràn tó lè bù sí. Inú Styron jẹ́ inú ọmọkùnrin òyìnbó tó dàgbà ní gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti fi ìtàn adúláwọ̀ tó ń wo ọmọbìnrin òyìnbó dẹ́rù ba tọmọdé tàgbà láti ìran dé ìran. Ẹ̀rù ìdílé tirẹ̀ ló bù, tó dà sínú ọkàn Nat. Ó ṣeé ṣe kó má tilẹ̀ fura.

Ẹ rántí pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1967 yẹn ni Newark àti Detroit jóná nínú rògbòdìyàn. Àwọn adúláwọ̀ ń wá akọni inú ìtàn tí wọ́n lè gbé ojú sókè wò, wọ́n sì bá akọni wọn nínú ìwé tó gba ẹ̀bùn, kò ní aya, kò ní ìdílé tó kọ́ ọ, ó sì ń fi ojú inú lé ọmọbìnrin òyìnbó kiri. Ilé iṣẹ́ sinimá ti ra ẹ̀tọ́ ìwé náà tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí ariwo pọ̀ jù, sinimá náà kò wáyé.

Obìnrin tó mú lẹ́tà kan kúrò

Ohun kan wà nínú ìdáhùn àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó yẹ ká sọ: ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ẹni tó wá kọ ìdáhùn tó jinlẹ̀ jù lójú tèmi jẹ́ obìnrin, Sherley Anne Williams, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ ìtàn àròsọ. Dessa Rose ni orúkọ ìwé náà, ó jáde ní 1986. Ó mú wa padà sínú irú yàrá tí Gray àti Nat jókòó sí. Aboyún kan tó jẹ́ ẹrú wà ní àtìmọ́lé, wọ́n ti dájọ́ ikú fún un, wọ́n kàn ń dúró kó bímọ ná. Òyìnbó kan tó fẹ́ kọ ìwé lórí ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ń wá bá a pẹ̀lú gègé àti ìwé.

Òyìnbó náà ń béèrè, obìnrin náà ń yí ọ̀rọ̀ po. Ó béèrè nípa ọ̀tẹ̀, obìnrin náà ń sọ nípa ọkùnrin tó fẹ́ràn. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, òyìnbó náà kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ wà nínú orin náà fún àwọn mìíràn tó ń gbọ́ lókèèrè. Orúkọ tí òyìnbó náà ń kọ fún un sínú ìwé rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn ni Odessa. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ìtàn bọ́ sí ẹnu obìnrin náà fúnra rẹ̀, ó jẹ́ ká mọ̀ pé kò sí O kankan níbẹ̀. Dessa lòun ń jẹ́.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ wà nínú lẹ́tà yẹn. Òyìnbó náà kọ orúkọ kan fún obìnrin yìí, kò sì bi í pé kí ni wọ́n ń pè é nílé.

Ohun tí Baldwin mọ̀

Àwọn kan yóò sọ pé bí a bá ń bá a lọ báyìí, òǹkọ̀wé kò ní lè kọ nípa ẹnikẹ́ni mọ́ yàtọ̀ sí ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìtàn àròsọ kò sí láìsí kí ènìyàn wọ awọ ẹlòmíràn. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ lè kọ ìtàn obìnrin, arúgbó gbọ́dọ̀ lè kọ ti ọmọdé. Baldwin gbè sẹ́yìn Styron lórí ìdí yìí gan-an, òun náà sì ti ṣe é rí. Ìwé rẹ̀ Giovanni's Room, tó jáde ní 1956, ẹnu òyìnbó Amẹ́ríkà kan ni ìtàn inú rẹ̀ ti ń jáde, mélòó sì ni adúláwọ̀ inú rẹ̀?

Mo bọ̀wọ̀ fún Baldwin, àmọ́ mo rò pé ọ̀nà méjèèjì kò dọ́gba. Ẹ wo ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé. Ó mọ ìró ẹsẹ̀ ọ̀gá lórí àtẹ̀gùn, ó mọ ìgbà tí inú ń bí i kó tó lanu, ó mọ ẹni tó wá kí i tí inú rẹ̀ dùn àti ẹni tó wá kí i tó kàn ń rẹ́rìn-ín. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ìyà ni yóò jẹ. Ọ̀gá ńkọ́? Kò sí ìyà tó máa jẹ ẹ́ bí kò bá mọ ohun tí ọmọ náà ń rò kí oorun tó gbé e lọ. Ó lè lo ogún ọdún láìmọ orúkọ ìyá rẹ̀. Àwọn tí kò pọ̀ ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwọn tó pọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, nítorí pé ẹ̀mí wọn wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Baldwin kọ òyìnbó, ohun tí ojú rẹ̀ ti ṣọ́ láti kékeré ló kọ. Nígbà tí Styron kọ Nat, ohun tí kò sí ẹni tó fipá mú un kó mọ̀ rí ló ń wá.

Nítorí náà, n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ ẹni tó ń kọ láti òkè wo ìsàlẹ̀ wúwo ní ìlọ́po mẹ́wàá, àti pé ibì kan wà tí iṣẹ́ náà kò ní ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Àga Ọba ní Bahia

Bí ẹnì kan bá ṣe iṣẹ́ náà dáadáa ńkọ́? Jorge Amado ṣe é. Ọmọ Bahia ni, ní Brazil, wọ́n bí i ní 1912. Òyìnbó ni ní ojú àwọn ará ìlú rẹ̀, ìwé rẹ̀ sì kún fún àwọn adúláwọ̀ ìlú Salvador, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa. Kò jókòó sílé máa fọkàn yàwòrán wọn. Láyé tí ọlọ́pàá ń ya wọ ilé òrìṣà, tí wọ́n ń kó ìlù lọ, ó ń lọ sí àwọn ilé náà, ó ń jẹun níbẹ̀. Nígbà tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1946, òun ló gbé àbá tó fi òmìnira ẹ̀sìn sínú òfin orílẹ̀-èdè wọn kalẹ̀. Ní Ilê Axé Opô Afonjá, ilé Ṣàngó tí Ìyá Aninha dá sílẹ̀ ní 1910, àwọn ọkùnrin méjìlá ló ń jẹ oyè Ọba Ṣàngó. Wọ́n fi Amado jẹ ọ̀kan nínú wọn, Ọba Àrólú.

Ta ló tún lè súnmọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ? Síbẹ̀, àwọn lámèyítọ́ kan kò yé bi í nípa àwọn obìnrin aláwọ̀ pupa inú ìwé rẹ̀, pàápàá Gabriela ti ọdún 1958: èéṣe tó fi jẹ́ pé òórùn ara wọn, ọbẹ̀ wọn àti ibùsùn wọn la ń gbọ́ ṣáá? Obìnrin tí ọkùnrin ń wò la rí. Ohun tí obìnrin náà ń rí nígbà tó bá gbójú sókè wo ọkùnrin náà, díẹ̀ la mọ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí Amado ṣe tí mo fẹ́ kí gbogbo wa fi sọ́kàn. Nínú ilé Ṣàngó yẹn kan náà, ọkùnrin adúláwọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Mestre Didi. Ọmọ bíbí Ìyá Senhora ni, ìyálórìṣà ilé náà. Ní 1961, Didi kó àwọn ìtàn adúláwọ̀ Bahia jọ sínú ìwé kan, Amado sì fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Orúkọ tó ti là kọjá òkun ya orúkọ tí kò tíì jáde nílé ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá kí olóhun lè sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Kí ni olóhun ní láti sọ tí Ọba Àrólú kò lè bá a sọ? Ní 1967, Didi wá sí Kétu, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí. Níwájú ọba ìlú náà, ó ki oríkì ìdílé rẹ̀, oríkì Aṣípa, tí àwọn ìyá rẹ̀ ti fi lé ara wọn lọ́wọ́ ní Bahia láti ìran dé ìran, nínú oko ẹrú àti lẹ́yìn oko ẹrú. Àwọn ará Kétu gbọ́ ọ, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì nawọ́ sí ilé Aṣípa pé ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí mọ ohun tó wà nínú kí wọ́n ki ènìyàn ní oríkì orírun rẹ̀ kó sì mì kanlẹ̀. Amado lè kọ nípa irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kó sì kọ ọ́ kó dùn. Kò sí ilé kankan tí wọ́n máa nawọ́ sí fún un ní Kétu.

Ní 2013, Mãe Stella, tó jẹ́ ìyálórìṣà ilé Ṣàngó náà lẹ́yìn Ìyá Aninha àti Ìyá Senhora, tó ti kọ ìwé tirẹ̀ lórí ẹ̀sìn àti ìṣe wọn, wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé lítíréṣọ̀ ìpínlẹ̀ Bahia gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́. Gègé ti dé ọwọ́ àwọn tó ni ọ̀rọ̀.

Bí gègé bá pẹ́ kó tó dé ọwọ́ wọn, owó wà lára ohun tó fà á. Ní 2020, nígbà tí ìwé Jeanine Cummins tó ń jẹ́ American Dirt jáde ní Amẹ́ríkà, lórí ìyá àti ọmọ tó ń sá kúrò ní Mẹ́síkò, ariwo náà le débi pé ilé ìtẹ̀wé tó tẹ̀ ẹ́ jáde fagi lé ìrìn-àjò tí òǹkọ̀wé rẹ̀ fẹ́ fi polówó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo kò ní kí obìnrin náà má kọ ọ́. Wọ́n ń béèrè pé àwọn ọmọ Mẹ́síkò tó ń kọ ìtàn yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ta ló fún wọn nírú owó àti ìpolówó bẹ́ẹ̀ rí?

Àwa náà

Ó rọrùn fún ọmọ Yorùbá láti ka gbogbo èyí kó sì máa mi orí, nítorí pé a ti fi ara wa sí ẹ̀yìn Nat àti Dessa. Ẹ jẹ́ ká yí ìjókòó wa padà. Ní ilẹ̀ tiwa níbí, àwa la pọ̀.

Ẹ rántí mègáàdì inú fíìmù wa. Mọ́lá ni orúkọ rẹ̀, tàbí Gàḿbàrí. Yorùbá wíwọ́ ló ń sọ, ẹ̀rín sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó ṣílẹ̀kùn fún mọ́tò, a rẹ́rìn-ín, ó jáde. Àwọn ará Àgànyìn, àwọn Ìgède, àwọn Ísókò tó wà láàárín wa, báwo la ṣe ń kọ wọ́n? Ní pàtàkì, àwọn tí kò wá láti ibì kankan, tí ilẹ̀ wọn wà níbí: àwọn tí a ń pè ní Ẹ̀gùn, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ogù, ní Àgbádárìgì, ní Ìpókíá, títí dé Àjàṣẹ́ níkọjá ẹnubodè. Àwọn náà ló pọ̀ lórí omi ní Makoko. Wọ́n gbọ́ Yorùbá. Wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé, wọ́n ń fi tajà, wọ́n ń fi ń bá wa ṣe àna. Àwa mélòó ló gbọ́ èdè wọn débi tí a lè fi bẹ obìnrin kan pé kó ta ẹja fún wa ní èèdínwó? Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ àti ọ̀gá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, àwa sì ni ọ̀gá lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi fúnra mi jẹ̀bi. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kọ ìtàn kúkúrú kan. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń yan ẹja létí ọ̀sà, tí ọkọ rẹ̀ kú sómi. Mo fẹ́ràn obìnrin náà gan-an, mo sunkún nígbà tí mo ń kọ ọ́. Nígbà tí mo parí, mo kà á fún aládùúgbò mi kan, àgbàlagbà tó wá láti Àgbádárìgì, mo sì ń retí kí wọ́n yìn mí. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń pe obìnrin yẹn?"

Mo ní, "Ìyá Ẹ̀gùn ni, Bàbá."

Wọ́n ní, "Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀? Àwọn oníbàárà rẹ̀ ni. Bó bá délé tó sọ agbọ̀n kalẹ̀, kí ni ìyá rẹ̀ ń pè é?"

N kò lè dáhùn. Ojú ewé méjìdínlógún ni mo kọ, mo fi èéfín ẹja kún inú rẹ̀, mo fi ìgbì omi kún inú rẹ̀, mo sì sin ọkọ obìnrin náà pẹ̀lú omijé, àmọ́ n kò fún un lórúkọ. Èmi náà ni oníbàárà tó dúró nídìí àtẹ. Kò tilẹ̀ sí ohun tó sọ nínú ìtàn náà tí kì í ṣe èmi ló ń sọ ọ́ fún. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. N kò tíì wọ ilé kankan.

Bàbá ní kí n padà wá ní ọjọ́ Sátidé. Mo padà lọ, mo sì lọ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n sọ fún mi pé bí òun bá ní irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀, Senami ni òun ì bá sọ ọ́, nítorí pé orúkọ náà ń sọ pé Ọlọ́run ló fi í fún òun. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tó bá omi lọ. Wọ́n sọ díẹ̀ nípa Zàngbétò, wọ́n sì dákẹ́, mo rí i lójú wọn pé ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà wà. Ọmọ wọn obìnrin ń kọ ewì ní èdè wọn, kò sì tíì rí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo mú un lọ bá olóòtú kan tí mo mọ̀. Ìyẹn náà wà lára iṣẹ́ ìtàn kúkúrú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ìtàn náà.

Mo tún ìtàn náà kọ. Obìnrin náà ń jẹ́ Senami báyìí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣì ń pè é ní Ìyá Ẹ̀gùn nídìí àtẹ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ayé rí, òun náà sì ń dá wọn lóhùn bí ẹni pé kò dùn ún. Àmọ́ ní ìparí ìtàn, lálẹ́ ọjọ́ kẹjọ tí omi gbé ọkọ rẹ̀ lọ, àbúrò rẹ̀ obìnrin dé láti Àjàṣẹ́. Àwọn méjèèjì jókòó lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tó ti ń kú, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ní èdè wọn.

Nínú ìtàn tí mo kọ́kọ́ kọ, mo ti sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ní alẹ́ yẹn fún yín, ní ojú ewé mẹ́ta gbáko. Mo pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ó dúró lẹ́yìn ògiri, ó ń gbọ́ ohùn wọn, kò sì gbọ́ èdè náà. Ó gbọ́ ìgbà tí ọ̀kan sunkún. Ó gbọ́ ìgbà tí àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, kò sì mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. N kò túmọ̀ rẹ̀.